Àgógó Ẹyẹ Topo

Ìgè, akọ̀wé ìjọba, dojú bolẹ̀ lórí iyanrìn etíkun Topo, ó ń ka ẹyẹ òkun. Ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ mọ iye tí àgógó wọn pupa àti iye tí tiwọn dúdú. Bí ó bá ṣì í kà, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n pupa ni gbogbo wọn.

“Epo ni,” ni Bàbá Dosu apẹja wí. “A máa ń ju ẹ̀bà elépo sókun kí á tó da àwọ̀n. Àwọn ló ń jẹ ẹ́.”

“Ẹ ń fi epo ṣòfò!” ni Ìgè wí. “Ẹ fi àwọ̀n mú àwọn ẹyẹ náà fún mi.”

Ìgè fi ọṣẹ fọ àgógó mọ́kànlélógójì. Mẹ́tàdínlógún di dúdú.

“Akọ̀wé, ẹ fọ ẹnu tèmi náà. Mo jẹ nínú ẹ̀bà náà.”

“Ẹ ò sí nínú ìwé.”

Ó kọ iye náà sílẹ̀, ó wé ọṣẹ tó kù, ó sì wọkọ̀ lọ.