Orúkọ Tí Ìyàwó Kì Í Pè

"Ṣé etí mi ló ń parọ́ fún mi ni, àbí òótọ́ ni?" Olóyè Morákinyọ̀ fi ọ̀pá lu ilẹ̀ pálọ̀. "Ìyàwó ulé yìí ló fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ du ipò!"

 Olóyè ni olórí ẹbí, bó bá sì ti ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀ báyìí, àwọn ọkùnrin pàápàá a máa wo àjà. Àwọn ìyàwó ilé jókòó lórí ẹní. Ìyá Ọláìtán ló ṣíwájú wọn, nítorí òun ni àgbà wọn. Ọdún kejìléláàádọ́ta rèé tí wọ́n ti gbé e wọ agbo ilé náà ní Ìlógbò. Monísọ́lá, tí ọ̀rọ̀ kàn, kúnlẹ̀ sáàárín, ó káwọ́ sẹ́yìn.

Ìdìbò sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkìtì ti ọdún 2003 ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ onítẹ̀síwájú ló kọ́kọ́ fa Monísọ́lá kalẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í gbé òótọ́ mì. Àfi bí ẹgbẹ́ kejì náà ṣe lọ mú Ọládipọ̀, ọmọ bíbí ilé kan náà, agbaṣẹ́ṣe tó ń gbé Adó. Ọmọ eyín méjì ni Ọládipọ̀ nígbà tí Monísọ́lá wọlé ọkọ. Ẹ kúkú mọ àṣà wa: ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, ìbáà jẹ́ àná ni wọ́n bí i, ọkọ rẹ̀ ni, kò sì gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Eyínafẹ́ ni Monísọ́lá sọ ọ́. Ó pọ̀n ọ́n, ó wẹ̀ ẹ́, ó sì ń pè é ní Eyínafẹ́ títí tó fi di bàbá ọmọ. Ìyá Ọláìtán náà bá Olóyè nílé ní ọmọ ọdún méjìlá tó ń gbé síléètì kiri. Akọ̀wé ló sọ ọ́. Orúkọ rẹ̀ gan-an kò jáde lẹ́nu ìyá yìí rí láti ọjọ́ náà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi," ni Monísọ́lá wí. "Ìlú ló ní kí n jáde. Mi ò lè juwọ́ sílẹ̀."

Olóyè rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ pé ẹ̀rín náà kì í ṣe ti ire.

"Ó dáa. Ní Sátidé, ẹ̀yin méjèèjì ó sọ̀rọ̀ lójúde ọba. Bó o bá dìde, pe ẹni tí ò ń bá du lórúkọ, kí gbogbo ulú rí irú ìyàwó tá a fẹ́. Bí o ò bá lè pè é, o ò lè bá a du nìyẹn." Ó yíjú sí Ìyá Ọláìtán. "Ẹ̀yin lẹ ó gbé orin ọmọ bíbí ilé fún ọmọ wa lọ́jọ́ náà. Ibi tí orin yín bá wà làwọn ìyàwó yòókù ó dìbò sí."

"Mo ti gbọ́, Akọ̀wé," ni ìyá náà dáhùn.

Lẹ́yìn ìpàdé, ó bá Monísọ́lá lẹ́yìnkùlé. "Ọmọ mi, juwọ́ sílẹ̀. Pàkúté ló dẹ sílẹ̀ fún ọ. Bó o bá pè é lórúkọ, àwọn àgbà obìnrin ò ní dìbò fún ọ. Bí o ò bá pè é, àwọn ọ̀dọ́ á fi ọ́ ṣẹ̀sín."

"Ìyá, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ lọ sódò lónìí?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Kí ló wá kan odò?"

 Monísọ́lá mú òṣùká ìyá náà tó wà nílẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

Nígbà tó di Sátidé, ojúde ọba kún dẹ́nu. Ọládipọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ṣèlérí ọ̀nà, ó ṣèlérí iná, ó ku díẹ̀ kó ṣèlérí òjò. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí Monísọ́lá dìde, àwọn ọ̀dọ́ tí Olóyè ti kọ́ lọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: "Pè é lórúkọ! Ta lò ń bá du? Pè é lórúkọ!"

 Ìyá Ọláìtán rí i tí Monísọ́lá ń rìn bọ̀ níwájú gbogbo ayé, tó lọ bá Ọládipọ̀ níbi tó jókòó sí, tó sì kúnlẹ̀.

"Eyínafẹ́, ọkọ mi, ẹ kú ìjókòó."

Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín. Monísọ́lá ò wò wọ́n. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó sì gbé ohùn sókè, ohùn tó fi kọ́ ọmọ fún ọgbọ̀n ọdún.

"Ọkọ mi, ọdún karùndínlógójì rèé tí mo ti ń pọnmi sílé yín. Omi tí mo fi wẹ̀ yín lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pọ̀n yín, odò ìsàlẹ̀ ni mo ti pọn ọ́n. Odò yẹn náà làwọn ìyàwó ilé ti pọn èyí tẹ́ ẹ fi bọ́jú láàárọ̀ yìí. Mi ò bá yín jà o. Mo kàn fẹ́ béèrè ni. Bí omi bá tán nílé, ta ní ń gbé garawa?"

 Obìnrin kan dáhùn láti ẹ̀yìn: "Ìyàwó ni!"

"Omi ti wà ní Adó báyìí, nílé ìgbìmọ̀ tí wọ́n ti ń pín in. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ti ń pọnmi lọ pọn ọ́n wá."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ̀rù ba Ìyá Ọláìtán, kì í ṣe ẹ̀rù ìjà, irú èyí tó máa ń bà á bó bá gba ọmọ tuntun lọ́wọ́ agbẹ̀bí ni. Ó ti ń wo obìnrin yìí láti ọdún márùndínlógójì, kò mọ̀ pé irú èyí wà nínú rẹ̀. Monísọ́lá kò pe orúkọ, kò ba àṣà jẹ́, síbẹ̀ kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ. Ọládipọ̀ fúnra rẹ̀ kò lè wò ó lójú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e dìde. "Ẹ dìde, mà," ló wí, jẹ́jẹ́.

Olóyè ló fò sókè. "Ìyá Ọláìtán! Kí lẹ ń wò? Ẹ gbé orin! Orin ọmọ wa!"

Ìyá Ọláìtán dìde. Gbogbo ìyàwó ilé dìde lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń retí ohùn rẹ̀. Ó fọwọ́ kan àtàrí rẹ̀, níbi tí irun ò ti hù mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ nítorí ẹrù omi. Akọ̀wé ló fẹ́ pè, bó ṣe ti ń pè é láti ọdún méjìléláàádọ́ta.

"Morákinyọ̀," ló wí. Kò pariwo. "Jókòó."

Ẹnu ya àwọn ìyàwó. Òun náà ya ara rẹ̀ lẹ́nu. Ó ń retí kí nǹkan ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn ṣì ń ràn, ewúrẹ́ kan ṣì ń jẹ èèpo iṣu lẹ́bàá ògiri ààfin. Olóyè wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó jókòó.

Nígbà náà ni ìyá náà gbé orin. Orin ọmọ bíbí ilé ni, èyí tí wọn ò kọ fún ìyàwó kankan rí láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ agbo ilé náà dó. Níbi tó yẹ kí wọ́n fi orúkọ ọmọ sí, Monísọ́lá ló fi sí i. Àwọn ìyàwó yòókù kò dáhùn ní ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó dé ẹsẹ̀ kejì, gbogbo wọn ló gbè é.