Ẹkùn Tí Omi Lé Gun Igi

Omi ti kún dé abẹ́ pákó ilé Dorvalina. Láti ẹnu ọ̀nà lèèyàn ti lè ju ìwọ̀ sódò. Igbó tó yí wọn ká ti rì, orí igi nìkan ló yọ; ejò, ọ̀bọ àti èèrà ń du ẹ̀ka mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Orí àtẹ igi tó léfòó lẹ́yìn ilé ni Aldenor, ọkọ rẹ̀, kó ẹlẹ́dẹ̀ wọn sí, ẹkùn sì ń wẹ̀ wá síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó gbé abo ẹlẹ́dẹ̀ tó lóyún lọ, Aldenor já ìbọn lára ògiri.

"Fi í sílẹ̀," ni ìyá rẹ̀, Filomena, wí. "Ebi ló ń pa á. Tómi bá fà, á bá tiẹ̀ lọ."

"Kómi tó fà ńkọ́, Màámi? Àbí ẹ fẹ́ kó gbé ẹ̀yin náà ni?"

"Èmi tí mo jẹ́ eegun lásán? Eyín rẹ̀ á kán!"

Dorvalina rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dénú. Òun ló mọ ọkọ̀ wà jù nínú ilé. Òun ni yóò fi ọkọ̀ gbé ọkọ rẹ̀ lọ.

Òjò ń rọ̀ wínníwínní. Wọ́n ń tẹrí ba fún ẹ̀ka títí Aldenor fi nàka. Ẹkùn náà nà gbalaja sí oríta igi ńlá kan, ó rù débi pé egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Kò tilẹ̀ dìde.

"Aldenor, jẹ́ ká padà."

"Mú ọkọ̀ dúró dáadáa."

Ìbọn dún. Ẹkùn já sómi gbàmù. Nígbà tó yọrí, ẹ̀jẹ̀ ti bo ojú rẹ̀ kan, ó sì ń wẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ wọn tààrà. Ó gbé ọwọ́ lé etí ọkọ̀. Ọkọ̀ fì, omi rọ́ wọlé. Ọta tí Aldenor fẹ́ kì sínú ìbọn bọ́ sódò.

"Lù ú! Dorva, lù ú lórí!"

Ẹranko náà ò bú ramúramù, kò yọ eyín. Ó kàn ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó rọ̀ mọ́ ọkọ̀. Dorvalina fi àjẹ̀ lù ú. Ó tún lù ú. Ọwọ́ náà yọ̀, omi sì padé lé e lórí.

Bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣẹ́rí ọkọ̀ padà, nǹkan ké lókè. Ọmọ ẹkùn kan, kò ju ológbò lọ, lẹ̀ mọ́ oríta igi.

"Mi ò mọ̀ pé ó bímọ," ni Aldenor wí.

"Gun igi, ká gbé e."

"Igi tí èèrà bò látòkè délẹ̀? Wa ọkọ̀, ká máa lọ."

Ó wa ọkọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Dorvalina nìkan mú ẹja lókè ààrò, ó padà lọ. Èèrà jẹ ẹ́ títí apá rẹ̀ fi wú, síbẹ̀ ó gun igi náà dé ìdajì, ó sì fi ẹja há ẹ̀ka. Ọmọ ẹkùn kùn mọ́ ọn, ó sá lọ sókè pátápátá.

"Sọ̀ kalẹ̀, jọ̀ọ́," ni Dorvalina ń bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó tún lọ, ẹja ṣì wà níbẹ̀, èèrà ti bò ó. Igi dákẹ́. Ó wo àwọn igi ìtòsí títí ọrùn fi ro ó.

Nílé, Filomena rí apá tó wú, ó gbé òróró fún un. Aldenor ń tún àtẹ ẹlẹ́dẹ̀ ṣe.

"Ó ṣì wà níbẹ̀?" ló bi í, kò gbójú sókè.

"Rárá."

"Bóyá ó wẹ̀ lọ."

"Bóyá," ni Dorvalina dáhùn. Ó kẹ̀yìn sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ná tí òjò ti ń jò sí.