Ọ̀rá Lójú Dígí

Èmi Kajetan ni mo ń tún ẹ̀rọ ṣe ní yàrá ìwádìí kan ní Warsaw. Ìwé mẹ́jọ péré ni mo kà. Ìyókù, sípánà ló kọ́ mi.

Òkúta tí wọ́n ń wádìí níbẹ̀, oníwà méjì ni. Inú rẹ̀ kì í gba iná mànàmáná láàyè rárá, àmọ́ ojú rẹ̀ lóde ń gbé iná kọjá bí ọ̀nà márosẹ̀. Èròjà kan tó ń jẹ́ tẹlúríọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀. Bí eruku rẹ̀ bá wọ̀ ẹ́ lára bíńtín, ẹnu rẹ á máa rùn bí aáyù jíjẹrà fún oṣù mẹ́ta. Ọdún tí tèmi wọ̀ mí, ìyàwó mi lé mi lọ sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Àwọn ẹyẹlé tó wà níbẹ̀ kó ẹrù wọn lọ sí Kraków.

Halszka, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé, ti fara da òórùn yìí fún ọdún mẹ́rin. Ohun tó ń wá ni pé, bí a bá fi òkúta náà sáàárín dígí méjì, tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ síbẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ bí ìgbà tí èèyàn ń ṣa ẹ̀wà, ṣé òkúta á dá ìmọ́lẹ̀ lóhùn? Bó bá dáhùn, òkè kan ṣoṣo tó máa ń yọ nínú ìlà tí ẹ̀rọ ń yà sójú kọ̀ǹpútà á là sí méjì. Ní oṣù keje, ó là. Ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ gbà láti tẹ ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta kan sì ń dúró dè é ní oṣù kẹwàá, tí kò ní bọ́ sí i lọ́wọ́ láìsí ìwé yẹn.

Ọ̀gá wa ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Zbylut. Ẹ gbà mí, ọkùnrin yìí dọ̀tí. Búrẹ́dì tí wọ́n fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ kùn ló máa ń jẹ, pẹ̀lú kùkúńbà kíkan, nínú yàrá tí a kò gbọ́dọ̀ mu omi pàápàá. Ọ̀rá á ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, èyí tó tó fi din ẹja Kérésì gbogbo Warsaw. Kì í wọ ìbọ̀wọ́. Ó ní ọwọ́ lásán ló mọ òkúta. Á lá ìka, á gbé dígí.

Àṣà iṣẹ́ yìí ni pé kí a kọ́kọ́ wọn àwo òfìfo, kí a tó wọn èyí tí òkúta wà lórí rẹ̀, kí a lè mọ ohun tó jẹ́ ti òkúta gan-an. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí a fo ìyẹn, pé ó ń fi àkókò ṣòfò. A fò ó.

Ní ọjọ́ keje oṣù kẹjọ tí í ṣe ọjọ́ orúkọ mi, àjọ̀dún ẹni mímọ́ tí wọ́n fi sọ mí lórúkọ, mo gbé àkàrà òyìnbó oníwàràkàṣì wá fún gbogbo wọn, bí a ti ń ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ìka bọ àárín rẹ̀, ó ń wá èso àjàrà gbígbẹ inú rẹ̀, ó sì ń tu èyí tí kò wù ú padà sórí àwo. Inú bí mi. Ó fẹ́ wọn òkúta lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ni mo bá ti ihò ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, láìtú u, fi àwo ìwọ̀n tí kò sí òkúta lórí rẹ̀ sínú rẹ̀. Mo fẹ́ kó rí asán, kí n fi rẹ́rìn-ín títí ìfun mi á fi já.

Òkè náà là sí méjì. Ó tún là ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

“Ẹ wò ó,” Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, ó ń pàtẹ́wọ́. “Òkúta ń bá ìmọ́lẹ̀ jó.”

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Mo jẹ́wọ́ pé kò sí òkúta níbẹ̀.

“Bùọ̀dá Kajetan,” Halszka sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí ṣe mí ní yẹ̀yẹ́.”

Mo ṣí àpótí tí òkúta wà nínú rẹ̀, mo fi hàn án. Ó nawọ́, ó pa ẹ̀rọ.

Nígbà tí inú ẹ̀rọ, tó máa ń tutù ju yìnyín lọ bó bá ń ṣiṣẹ́, lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́jọ́ kejì, a tú u. Àmì ìka mẹ́ta ló wà lójú dígí ìsàlẹ̀, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ dídì, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, irun imú kan dúró gbọnrangandan láàárín rẹ̀. Halszka ṣàlàyé fún mi pé ọ̀rá náà ní ìgbọ̀nrìrì tirẹ̀, pé dígí yìí kan náà la ti ń lò láti oṣù keje, àti pé ọ̀rá ni ìmọ́lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ látìgbà náà. Mo sáré jáde lọ bì.

Ìgbà tí mo padà, Ọ̀jọ̀gbọ́n ń rọ Halszka bí ìyá àgbà. Ó ní kí a nù ún, ta ló rí i? Ó ní láìsí ìwé yẹn, kò síṣẹ́ ní oṣù kẹwàá.

“Halszka, gbogbo wa la ń wá oúnjẹ.”

“Ọ̀gá, orí iṣẹ́ mi lẹ ti jẹ ẹ́.”

Halszka ya àwòrán dígí náà. Ó fi sípírítì nù ún, ó gbé òkúta sí i, ó dúró ọjọ́ méjì kí ẹ̀rọ tún tutù. Mo ṣèlérí fún ẹgbẹ̀rún ẹni mímọ́ pé n kò ní purọ́ mọ́ láyé, kí òkè yẹn ṣáà là. Kò là. Ẹyọ kan ṣoṣo ló dúró ṣánṣán bí òpó wáyà.

Halszka kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà pé òun fa ìwé òun padà, ó sì sọ ìdí rẹ̀ láìfi bò. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀, kò fọwọ́ sí i. Èmi fọwọ́ sí i, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fi àwo òfìfo sínú ẹ̀rọ.

Halszka fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Ó wá ní òun ń kó ẹrù òun kúrò níbẹ̀, kí n bá òun gbé àpótí ìwé òun sọ̀kalẹ̀, pé àkàsọ̀ náà pọ̀ fún ẹnì kan.