Ère Tí Ojú-Ni-Téèpù Gbẹ́ fún Ìyàwó Rẹ̀

Ìsọ̀ méjì ló wà lábẹ́ òrùlé kan náà, ògiri pákó kan ṣoṣo ló pín wọn níyà. Aránṣọ ló wà lápá ọ̀tún, káfíńtà lápá òsì. Tọkọtaya ni wọ́n, ọmọ mẹ́rin ló wà láàárín wọn, wọn kì í sì í jà, àfi lórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Aránṣọ kì í gé aṣọ láìwọn ẹni tó ni ín lẹ́ẹ̀mejì. Bó o gbé aṣọ wá lónìí, tó o tún gbé òmíràn wá lọ́la, yóò tún fi téèpù yí ọ ká, yóò ní èèyàn lè jẹun yó mọ́jú. Ìdí nìyí táwọn oníbàárà fi ń pè é ní Ìyá Oníwọ̀n. Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ kì í wọn nǹkan kan. Yóò di ojú kan, yóò fi èkejì wo igi, yóò ní "Ojú mi ni téèpù mi," yóò sì gbé ayùn lé e. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń bá ẹnu ọ̀nà mu, àga rẹ̀ kì í sì í mì. Ìka mẹ́sàn-án àbọ̀ ló ní, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń sọ lójú rẹ̀. Ojú-Ni-Téèpù ni wọ́n ń pè é.

Lọ́jọ́ tí Ìyá Oníwọ̀n sọ pé òun ń ronú àtiyá owó láti fi ṣiṣẹ́ abẹ síkùn, àga ni ọkọ rẹ̀ ń kàn lọ́wọ́. Díẹ̀ ló kù kó gbé ìṣó tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì.

"Kí ló ṣe ikùn?"

"Kò ṣe nǹkan kan tó lè pa mí. Dókítà ní kì í ṣe àìsàn, ẹwà ni wọ́n kọ ọ́ sí, ètò adójútòfò ìlera ò sì ní bá wa san nínú rẹ̀. Owó máṣìnnì ìránṣọ mẹ́ta ni."

Ojú-Ni-Téèpù tu ìṣó sọ́wọ́. Ó wo ìyàwó rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Obìnrin tó wọ gáùn tó bá a mu ló rí, torí ẹni tó rán gáùn náà mọ ohun tó ń ṣe.

"Kò sóhun tó ṣe ọ́ jàre. O dáa bó o ṣe wà yẹn. Ìwà lẹwà."

"Ìwà mi ò sí nínú ikùn, bàbá àwọn ọmọ."

Ẹ̀rù ló ń ba ọkùnrin náà, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ̀rù gbèsè ń bà á, torí ọdún méjì gbáko ni wọn yóò fi san án. Ẹ̀rù ọ̀bẹ sì ń bà á jùyẹn lọ. Ó mọ ohun tí irin mímú ń ṣe fún ẹran ara, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e lé aya rẹ̀.

"Mi ò tíì ní mo máa yá a," ni ìyàwó wí. "Ṣé ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá gbé aṣọ olówó ńlá wá, n kì í gé e láìkọ́kọ́ fi aṣọ yẹpẹrẹ rán an wò. Ẹ bá mi gbẹ́ ère igi kan, irú èyí tí à ń wọ aṣọ fún. Bí mo ṣe máa rí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ. Dókítà ti kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé yìí. Màá gbé e sínú ìsọ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Bí mo bá ṣì fẹ́ jọ ọ́ lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, màá yáwó. Bí mi ò bá fẹ́ mọ́, ó kéré tán, mo ti ní ère tí màá fi pàtẹ aṣọ."

Inú ọkọ ò dùn, síbẹ̀ orí rẹ̀ wú. Ta ló tún ń ronú báyìí? Ẹlòmíì á rí àwòrán kan ṣoṣo, á sì sáré lọ bá olówó èlé. Tirẹ̀ ní kí wọ́n fi igi dán an wò ná.

"Ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa o," ni obìnrin náà tún wí.

"Kí ni mo fẹ́ wọ̀n? Ìyàwó tí mo ti fẹ́ láti ọdún mẹ́tàlélógún?" Ó ki ìwé dókítà bọ abẹ́ agolo góòmù.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi gbẹ́ ère náà. Igi tó fúyẹ́ ló wá fún un, ó gbẹ́ ọrùn, ó gbẹ́ èjìká, ó fi sánpépà họ ìbàdí rẹ̀ títí tó fi ń dán. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ti ń ṣe é, kò sì mọ̀ pé òun ń rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kẹwàá ó gbé e kọjá sí apá ọ̀tún, oníbàárà kan tó wà níbẹ̀ sì pàtẹ́wọ́.

Ìyá Oníwọ̀n ò pàtẹ́wọ́. Nígbà tí oníbàárà lọ tán, ó fa téèpù yọ lọ́rùn. Ó wọn àyà ère, ó wọn ìbàdí, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

"Ẹ ò wo ìwé yẹn."

"Ojú mi..."

"Ta nìyí?"

"Ìwọ ni."

"Èmi kọ́. Ọmọ tí ẹ fẹ́ sílé nígbà yẹn nìyí. Ẹ wo èjìká rẹ̀, kò tíì gbé ìbejì rí. Ẹ wo ìdí rẹ̀, kò tíì bímọ kankan. Dókítà ò ṣèlérí ọmọ yìí fún mi, èmi náà ò sì wá a." Ó ká téèpù rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ̀ ń wá a."

Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó wọ ọkùnrin náà lára. Ẹnu rẹ̀ ti ń sọ pé kò sóhun tó yẹ kí wọ́n yí padà, ọwọ́ rẹ̀ wá lọ gbẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ojú tì í gidigidi.

"Kí wá lò ń wá gan-an?" ó béèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni. Ìyá Oníwọ̀n ti ilẹ̀kùn ìsọ̀, ó ṣí fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, ó sì bọ́ gáùn. Aṣọ gígùn kan ló wà lábẹ́ rẹ̀, tó fi di ikùn ní ìlọ́po mẹ́ta bí ẹni gbọ́mọ pọ̀n síwájú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Láti ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti bí àwọn ìbejì, pípa ló máa ń pa iná kó tó bọ́ aṣọ, ọkọ rẹ̀ sì rò pé ìtìjú obìnrin ni. Aṣọ náà tú tán, ikùn sì wálẹ̀, awọ rẹ̀ rọ̀ dé itan. Lábẹ́ ìṣẹ́po rẹ̀, níbi tí òógùn máa ń dúró sí, ó ti bó, ó pọ́n.

"Bí mi ò bá dì í, mi ò lè sún mọ́ máṣìnnì. Bí mo bá dì í, mi ò lè mí kanlẹ̀. Ẹgbẹ̀ẹ́gbẹ́ ni mo fi ń jókòó ránṣọ, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn fi ń ro mí." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàlàyé aṣọ oníbàárà. "Gbogbo ẹni tó ń wá síbí ni mò ń rán aṣọ tó bo àṣírí wọn. Mo ti rán tèmi náà títí, ó ti sú mi."

Ojú-Ni-Téèpù wò ó. Obìnrin yìí ti ń di ara rẹ̀ lójoojúmọ́ bí ẹrù, ó ń rán aṣọ ilé ìwé ọmọ mẹ́rin, ó rán ẹ̀wù tó wà lọ́rùn òun ọkọ rẹ̀ gan-an, kò sì fi aṣọ oníbàárà falẹ̀ rí. Òun tí ń fojú wọn igi jákèjádò àdúgbò ò sì rí i, bẹ́ẹ̀ ògiri pákó lásán ló wà láàárín wọn!

"Mú téèpù wá," ni ó wí.

Ó fi téèpù yí i ká, ó tẹjú mọ́ nọ́ńbà. Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Orí téèpù kọ́ lẹ dì mú yẹn o, ìdí rẹ̀ ni!"

Ó yí i padà. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ó sì fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sára pákó kan. Lẹ́yìn náà ló lọ fa ìwé dókítà yọ lábẹ́ góòmù, ó sì kà á tán pátá.

Ère kejì ò yá bíi ti àkọ́kọ́, torí wíwọ̀n ló ń wọn gbogbo rẹ̀. Èjìká rẹ̀ ki, ìdí rẹ̀ gbòòrò, ikùn rẹ̀ wọlé níwọ̀nba, ó sì nàró. Nísàlẹ̀ ikùn, láti ìbàdí dé ìbàdí, ó fi pẹ́ńsùlù fa ìlà kan, torí ìwé náà sọ pé àpá yóò wà níbẹ̀, àpá náà ò sì ní lọ. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Onídìrí òdìkejì ọ̀nà wọlé, ó yí i po, ó ní, "Ó jọ ẹ́, àmọ́ ó dà bí ẹni tó sùn dáadáa."

Àárọ̀ àárọ̀ ni Ìyá Oníwọ̀n ń kí i. Ní ọjọ́ kejìlá, ó da aṣọ bò ó. Ó ní òun ò fẹ́ rí i, pé owó tó tó ra máṣìnnì mẹ́ta ò yẹ kó lọ sórí awọ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ère fi wà lábẹ́ aṣọ. Ọkọ rẹ̀ ò sọ pé ṣe é, kò sọ pé má ṣe é. Ẹni tó bá mọ bí ọkùnrin náà ṣe fẹ́ràn àtidá sí ọ̀rọ̀ ni yóò mọ iṣẹ́ tó ṣe lọ́sẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ kan ó rí i láti ibi ihò ògiri: ìyàwó rẹ̀ dìde nídìí máṣìnnì, ó tú aṣọ inú, ó mí, ó tún un dì, ó sì lọ ká aṣọ kúrò lórí ère.

Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, ó fi ìka tọ ìlà pẹ́ńsùlù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Màá yá a," ó wí.

"Ó dáa. Èmi ni màá ṣe onídùúró." Ọkọ rẹ̀ họ orí. "Ká kàn kọ òrùlé sínú ìwé ìyáwó."

Ṣé ẹ rí i, lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù tiwọn, níbi tí wọ́n ti ń yáwó, akọ̀wé gbọ́dọ̀ ka ohun tí olúkúlùkù fẹ́ fowó ṣe sétí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Irọ́ ni wọ́n sì máa ń pa. Aránbàtà, tó máa ń fọwọ́ bo ẹnu bó bá ń rẹ́rìn-ín, ti yáwó òrùlé lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ yàrá ìsàlẹ̀ ló háyà nínú ilé alájà.

"Téèpù kì í parọ́," ni Ìyá Oníwọ̀n dáhùn. "Ohun tí mo wọ̀n tó báyìí, mi ò ní fi irọ́ gé e."

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn kún. Akọ̀wé ka ti aránbàtà, òrùlé, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ó ṣí ìwé tó kàn.

"Ìyá Oníwọ̀n, aránṣọ. Ohun tó fẹ́ fowó ṣe: ikùn mi." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún wọ̀ ọ́. "Ikùn?"

Ìyá Oníwọ̀n dìde.

"Iṣẹ́ abẹ ni. Awọ tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ọmọ mẹ́rin ni wọ́n máa gé. Kì í ṣe àìsàn, mi ò sì ní parọ́ pé àìsàn ni. Ọdún méjì ni màá fi san owó yín."

"Ẹwà! Lọ́jọ́ orí yìí?" ẹnì kan kígbe lẹ́yìn, ẹ̀rín sì sọ. Obìnrin náà ò jókòó, kò wolẹ̀. Ká ní èmi ni, ilẹ̀ ni ǹ bá máa wò.

"Ta ni onídùúró?" ni akọ̀wé béèrè.

Ọdún méjìlá ni Ojú-Ni-Téèpù ti wà nínú ẹgbẹ́ náà, kò sọ̀rọ̀ nípàdé rí. Ó dìde. Ìdí téèpù ń yọ lápò àyà rẹ̀.

"Èmi ni," ó wí. "Mo ti wọ̀n ọ́n."

Àwọn tó mọ̀ ọ́n yí ọrùn wò ó. Ẹ̀rín tán. Aránbàtà rọra dìde níwájú, ọwọ́ rẹ̀ lórí ẹnu bó ti máa ń wà. Ó gbé ọwọ́ náà kúrò.

"Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa òrùlé yẹn rẹ́. Eyín ni."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé pa á rẹ́, ó kọ eyín, ó sì na bírò sí Ojú-Ni-Téèpù kó wá fọwọ́ sí ti ìyàwó rẹ̀.