Ibojì Etí Odò

Ogójì ọdún ni Lubbert fi fín àwòrán ilẹ̀ òkèèrè sára bàbà pẹlẹbẹ fún àwọn tó ń tẹ ìwé ní Amsterdam, kò sì kọjá ìlú Haarlem rí. Àwọn àgbà ní bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Orí àga ni Lubbert jókòó sí tó fi rí tirẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ojú ń dùn ún, ẹ̀yìn ń ro ó, igi ọ̀pẹ ti sú u í fín.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ báyìí ni ìwé ìrìn-àjò Sybren, atukọ̀ àtijọ́. Àwòrán kan ṣoṣo ló ká Sybren lára níbẹ̀: ẹnu odò kan ní Ìlà-Oòrùn, níbi tó sin Douwe àbúrò rẹ̀ sí ní ogún ọdún sẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló yà á níjọ́ náà. Ó fẹ́ kí ìyá wọn rí ibi tí ọmọ rẹ̀ sùn sí kí màmá náà tó kú.

Ohun tí a bá fín sára bàbà, òdì ló máa ń jáde lórí bébà. Nítorí náà, wọ́n á fi òróró pa bébà àwòrán kó lè mọ́ gaara, wọ́n á dà á dojú dé, kí wọ́n tó tọ ìlà rẹ̀. Ẹni tó wọṣẹ́ náà lánàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àárẹ̀ ò jẹ́ kí Lubbert dà á dojú dé. Bó ṣe wà ló ṣe tọ̀ ọ́, abẹ́rẹ́ tó fi ń tọ ìlà sì gé bébà náà jákujàku, kò ṣeé wò mọ́. Ìgbà tí wọ́n tẹ ẹ̀dà àkọ́kọ́ ló tó rí i pé ibojì ti bọ́ sí òdìkejì odò.

Sybren wọlé. "Bàbá Lubbert, arìnrìn-àjò orí àga, ẹ ṣì ń mí?"

"Mò ń mí, atukọ̀. Ẹ jókòó. Mo ti ṣẹ̀ yín." Ó tẹ́ ẹ̀dà àkọ́kọ́ náà síwájú Sybren. "Òdì ló jáde. Màá fín òmíràn, kódà bí yóò bá fọ́ mi lójú."

Sybren tẹjú mọ́ ọn. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó ká a kò, ó na tòsì, bí ẹni tó tún ń darí ọkọ̀ wọ ẹnu odò yẹn.

"Ṣé ó dá yín lójú pé òdì ni?" ó bi í. "Láti ogún ọdún, tí mo bá ti dijú, mo máa ń rí i. Mo dijú báyìí, èyí tẹ́ ẹ fín yìí ni mò ń rí. Bàbá, níbo ni mo sin àbúrò mi sí?"

"Apá òsì ni. Mo rí i nínú èyí tẹ́ ẹ yà."

Sybren tún dijú, àmọ́ apá ọ̀tún ló ṣì ń rí.

"Mo gbọ́," ó ní, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ fún ìyá mi."