Ojú Tó Jọ̀lọ̀

Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí a sin ẹnikejì mi kí màmá mi tó sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni: fótò rẹ̀ kan tó tóbi, tí wọ́n máa gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀. Ìbejì ni wá. Ibà ọjọ́ mẹ́rin ló mú un lọ, ó ku èmi. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀, mò ń wá áàpù tí màá fi to fótò.

"Áàpù wo?" ni wọ́n wí. "Fótò kan péré ni mo béèrè, àbí ilé lo fẹ́ fi kọ́?"

Irọ́ kọ́ ni mo pa. Mo ra kámẹ́rà lọ́dún tó kọjá, kí n ṣáà rí nǹkan fi ṣeré, fótò tó lé ní ẹgbàajì sì wà nínú kọ̀ǹpútà mi láìtò, bí aṣọ tí wọ́n dà sórí bẹ́ẹ̀dì. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni mo ti ń yan áàpù. Ọ̀kan ní kí n máa sanwó lóṣooṣù. Ọ̀kan wà lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì inú rẹ̀ pọ̀ débi pé mi ò mọ èyí tí wọ́n fi ń ṣí i. Màá ka ohun tí àwọn èèyàn sọ nípa wọn, màá fi èyí wé tọ̀hún, màá tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Kì í ṣe pé ìbànújẹ́ ló bò mí mọ́lẹ̀ o. Mi ò mọ nǹkan kan lára ni. Ẹkún kò wá. Àwọn tó wá kí wa bá mi nídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n ní mo mà le lọ́kàn o. Mo ní ẹ ṣeun.

Dígí awò ojú ni mo ń gé níbi iṣẹ́. Màá ki dígí sẹ́nu ẹ̀rọ, omi á máa ṣàn sí i, ẹ̀rọ á máa fá etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi wọ inú férémù. Ẹ̀gbọ́n tó ń tún férémù ṣe jókòó lọ́wọ́ òsì mi. Má-kánjú là ń pè wọ́n, torí wọ́n lè fi wákàtí kan wá síkúrù tí kò tó ẹyin èèrà. Àwọn náà ń ya fótò, ẹyẹ ni tiwọn. Mo bi wọ́n pé èwo ni kí n mú nínú àwọn áàpù yìí.

"Àbúrò, mú èyí tó bá wù ẹ́," ni wọ́n wí. "Ṣáà ti rí i pé kì í fọwọ́ kan fótò gangan. Tó o bá fẹ́ tún nǹkan ṣe, ara ẹ̀dà ni kó ti ṣe é, kí ojúlówó wà níbi tó wà. Èmi ò tètè mọ̀. Igba ẹyẹ ni mo kùn láwọ̀káwọ̀, mi ò rí i dá padà títí dòní."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi dúró lórí ẹ̀rọ.

Lọ́sẹ̀ tí a sin ín gan-an ni mo ti kọ́kọ́ dán áàpù kan wò. Ó bi mí bóyá kí òun mú gbogbo ojú jọ̀lọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé kí òun fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́sẹ̀ yẹn, kò sí ohun tí wọ́n bi mí tí mi ò ní bẹ́ẹ̀ ni sí, títí kan àwọ̀ pósí.

Nígbà tí mo délé, mo ṣí àwọn fótò náà. Gbogbo ojú ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Ẹnikejì mi ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn nígbà tí a wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, àpá kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ sì wà ní àgbọ̀n rẹ̀ látìgbà náà. Òun ni àwọn tíṣà fi ń dá wa mọ̀. Aṣọ kan náà la jọ ń wọ̀. Àwa méjèèjì náà la sì ń ya ara wa: èmi á yà á, òun á yà mí. Àpá náà kò sí mọ́ nínú ẹyọ fótò kan.

Mo wá áàpù mìíràn, èyí tó ń fi ojú èèyàn to fótò, bóyá yóò rí ohun tí èmi kò rí. Ó ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú, ó wá gbé èsì jáde: èèyàn kan, fótò ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá. Ó ní kí n kọ orúkọ ẹni náà síbẹ̀. Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo lọ fọ abọ́.

Nígbà tó di Sátidé, màmá mi gbé àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Bí ìwọ ò bá mọ̀ ọ́n yàn, èmi á yàn án. Ó yá, ṣí i."

Mo fẹ́ jẹ́wọ́. Mo tiẹ̀ ti lanu. Ṣùgbọ́n wọ́n ti wọ awò wọn, èyí tí mo fọwọ́ ara mi gé dígí rẹ̀, wọ́n sì ti na ọrùn síwájú bí ọmọ tí wọ́n ṣèlérí nǹkan fún. Mo panu mọ́, mo ń ṣí i fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Rárá. Ìwọ nìyẹn. Rárá. Ìwọ náà ni." Bóyá ohun tí wọ́n ń sọ tọ̀nà, bóyá kò tọ̀nà, èmi gan-an kò mọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Dúró. Òun nìyí." Wọ́n fi ìka kan àgbọ̀n ẹni inú fótò náà, ibi tí kò sí nǹkan kan. "Wo ẹ̀rín ẹ̀. Ìgbà wo nìwọ rẹ́rìn-ín báyìí rí?"

Ẹni náà fọwọ́ lé etí fèrèsé. Báńdéèjì wà ní àtàǹpàkò rẹ̀. Dígí ló gé mi lọ́jọ́ náà. Ẹnikejì mi ló di báńdéèjì náà fún mi, òun náà ló gbé kámẹ́rà, tó sọ ìsọkúsọ kan kó tó tẹ̀ ẹ́. Òun ló pa mí lẹ́rìn-ín.

"Àbí òun kọ́?" Màmá mi yíjú sí mi.

"Òun ni, màámi."

Má-kánjú bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n sì fi férémù onígi sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ yẹn náà ni mo yan áàpù níkẹyìn, èyí tí kì í fọwọ́ kan ojúlówó. Ó dáa gan-an. Kò ṣáà sí ojúlówó tó máa bá mi tọ́jú mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan lẹ́yìn náà, mò ń da omi gbígbóná sínú ife ní kíṣìnnì nígbà tí mo gbọ́ ohùn màmá mi ní pálọ̀. Iwájú fótò tí a gbé kọ́ sára ògiri ni wọ́n dúró sí.

"Ọmọ mi, ṣé o jí dáadáa? Àárò ẹ ń sọ mí o."

Omi kún ife, ó dà sí mi níka. Láti ọjọ́ ìsìnkú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo mọ nǹkan kan lára. Mo gbé ife kalẹ̀ kí omi má baà jó mi sí i.

"Mo jí dáadáa, màámi," ni mo dáhùn, ṣùgbọ́n mo rọra sọ ọ́, kí wọ́n má baà gbọ́.