Àkàbà Ìmọ́lẹ̀ Tí Kò Hàn

Inú òkùnkùn yàrá àyẹ̀wò ni Bahija dúró sí, ó tẹjú mọ́ àwo tó ń tàn yòò níwájú rẹ̀. Àkàbà ìmọ́lẹ̀ kéékèèké ló wà lórí àwo náà, ti obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti èkejì, bí iná ìlú téèyàn ń wò láti orí òkè. Ààyè ti Nuzha, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣófo. Ayọ̀ pọ̀ lọ́kàn rẹ̀ débi pé ó fọwọ́ bo ẹnu.

Èròjà ara kan tó ń jẹ́ telomeréèsì ni wọ́n ń wá nílé àyẹ̀wò tí Bahija ti ń ṣiṣẹ́ nílùú Fẹ́ẹ̀sì. Sẹ́ẹ̀lì ara a máa darúgbó. Bó ṣe ń pín ni etí okùn àbùdá inú rẹ̀ ń jẹ, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó bá fẹ́ di jẹjẹrẹ a jí telomeréèsì dìde, ìyẹn á sì máa tún etí okùn náà ṣe, kò ní jẹ́ kó kú mọ́. Níbi tó bá ti jí, àkàbà á tàn.

Dókítà ti rí ibi tó ń yí padà lọ́rùn ilé ọmọ Nuzha, ó ní kí wọ́n tètè gé e kúrò. Nuzha kọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ọmọ, ẹ̀rù sì ń bà á pé ọ̀bẹ á ba ọ̀nà jẹ́. Ó ní bí àyẹ̀wò àbúrò òun bá sọ rere, òun ò ní lọ. Bahija pè é lórí fóònù pé kò sí nǹkan kan. Nuzha sunkún ayọ̀, ó ní kó máa bọ̀ wá jẹun.

Bí ẹni tó ń rìn lójú àlá ni Bahija gba àwọn ọ̀nà tóóró ìlú àtijọ́ kọjá. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ru awọ fara kàn án, kò bínú. Ó ń rí ọmọ tí wọn ò tíì bí, tó ń sá lọ níwájú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ògiri.

Ẹran àgùntàn tí wọ́n fi èso gbígbẹ sè ló bá nílé Nuzha. Wọ́n jọ ń ti búrẹ́dì bọ̀ ọ́ nígbà tí Nuzha bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ìyà tó jẹ ẹ́ lórí ìgò tí wọ́n fi gba ohun àyẹ̀wò lára rẹ̀. Inú yìnyín ni wọ́n fi í sí nígbà tí wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́ nílé ìwòsàn, wọ́n ní kó gbé e lọ tààrà sílé àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ó yà níbi ààrò àdúgbò, níbi tí wọ́n ti ń bá a yan búrẹ́dì, láti gbé tirẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti pàdé àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, ẹni tí kò lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ sínú.

"Ojú tì mí. Ni mo bá ti ìgò bọ àárín búrẹ́dì, mo faṣọ bò ó. Ó ń gbóná fẹlifẹli! Ìgbà tó lọ tán ni mo tó dá a padà sínú yìnyín."

Òkèlè dúró lẹ́nu Bahija. Nílé àyẹ̀wò, wọ́n máa ń dìídì fi ooru pa telomeréèsì nínú díẹ̀ lára ohun tí wọ́n gbà, kí wọ́n lè mọ bí òkú rẹ̀ ṣe ń rí. Èyí tí ooru pa àti èyí tí kò sí rárá, bákan náà ni wọ́n ń rí.

Ó lè dákẹ́. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà; owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Ó gbé òkèlè náà mì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ooru yẹn lè ti pa ohun tí mo ń wá. Mi ò mọ̀ bóyá ó wà lára yín tàbí kò sí."

Nuzha yọwọ́ nínú oúnjẹ. "Ìwọ lo sọ pé kò sí."

"Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má torí ọ̀rọ̀ mi kọ ohun tó ní kí wọ́n ṣe."

Ohùn Nuzha rọ̀ nígbà tó dáhùn.

"Èmi ò mọ ohun tí ẹ ń wò nínú òkùnkùn yẹn. Mi ò gba àyẹ̀wò kankan gbọ́. Ìwọ ni mo gbà gbọ́. Ó dáa, a ó lọ."

Ó ti ẹran tó dáa jù síwájú àbúrò rẹ̀. Bahija kò lè jẹ ẹ́. Ó ń ronú kan gbogbo obìnrin tó ti kọ "kò sí" fún láìmọ̀ wọ́n rí, láìmọ̀ ibi tí ìgò wọn gbà kọjá, àti pé olúkúlùkù wọn ti lọ sílé, ó ti se oúnjẹ, ó sì ti pe àwọn èèyàn rẹ̀ wá jẹ ẹ́.